Sépíà Kì í Ṣe Búráùn: Bí A Ṣe Ń Ṣa Àwọ̀ Ilé Àtijọ́ Nínú Minecraft

Ẹni tó bá ti gbìyànjú rẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Èèyàn á fẹ́ kọ́ ilé kan sínú géèmù Minecraft kó lè dà bíi fọ́tò àtijọ́, irú èyí tó máa ń wà lára ògiri pálọ̀ àwọn bàbá wa. Àwọ̀ fọ́tò yẹn ni wọ́n ń pè ní sépíà. Á wọ inú àpótí búlọ́ọ̀kù, á kó gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ búráùn jáde: pákó búráùn, amọ̀ búráùn, kọnkéré búráùn, irun àgùntàn búráùn. Á kọ́lé náà tán, á sún sẹ́yìn kó lè wò ó dáadáa, òkìtì ikán ló máa rí.

Nínú ìsinmi tó kọjá, ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Àkúrẹ́ níbí. Ọmọ ọdún 13 ni, orí fóònù ìyá rẹ̀ ló ti ń gbá géèmù náà. Ó gbé fọ́tò ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá bàbá mi kọ́ sí Òkè-Àró síwájú, ó ń wò ó kọ́ ọ. Nígbà tó ṣe tán, ó gbé fóònù wá bá mi. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó. Gbogbo ẹ̀ ni mo ṣe ní búráùn, kí ló dé tí ò jọ fọ́tò yìí?”

Ìbéèrè yẹn dára gan-an, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, torí òun nìkan kọ́ ló rú lójú.

Fún ẹni tí ò mọ Minecraft, géèmù ilé kíkọ́ ni. Ilé iṣẹ́ Mojang ní orílẹ̀-èdè Sweden ló ṣe é, ọdún 2011 ni wọ́n gbé odindi rẹ̀ jáde. Búlọ́ọ̀kù ni gbogbo ohun tó wà láyé ibẹ̀, àtilẹ̀, àtigi, àtòkúta, búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Ẹ ò lè po ọ̀dà níbẹ̀ kí ẹ wá fi kun ògiri bó ṣe wù yín. Àwọ̀ tí búlọ́ọ̀kù bá gbé wá náà lẹ máa lò. Ṣe lẹ máa ṣa á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà: èyí tó dára, ẹ mú un, èyí tí ò dára, ẹ yọ ọ́ sọ nù. Ibi ṣíṣà yẹn ni wàhálà wà.

Kí wá ni sépíà gan-an? Ẹran kan wà nínú òkun tí àwọn Gíríìkì ń pè ní sepia. Ara rẹ̀ rọ̀, ọwọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yí ẹnu rẹ̀ ká, bí ohun kan bá sì fẹ́ pa á jẹ, á tu omi dúdú síta kó lè ráyè sá lọ. Omi yẹn ni àwọn ará Yúróòpù fi ń ṣe yíǹkì láyé àtijọ́, tí wọ́n fi ń kọ̀wé tí wọ́n sì fi ń ya àwòrán. Bí wọ́n bá fi omi là á, á pọ́n. Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá.

Ṣùgbọ́n sépíà tí èmi àti ẹ̀yin mọ̀, inú fọ́tò ni a ti mọ̀ ọ́n. Fọ́tò dúdú-funfun ayé ìgbà yẹn, fàdákà ló gbé àwòrán inú rẹ̀ dúró. Kóró fàdákà tó kéré jọjọ, tí ojú lásán ò lè rí, ló ń ṣú lórí bébà. Ìṣòro fàdákà ni pé afẹ́fẹ́ máa ń bà á jẹ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Àwọn ayafọ́tò wá rí i pé bí àwọn bá fi èròjà tó ní imí-ọjọ́ fọ fọ́tò náà, fàdákà yẹn á yí padà di ohun mìíràn tí afẹ́fẹ́ ò tètè ràn, ohun tuntun náà kì í sì í dúdú kirikiri mọ́, pípọ́n ló máa ń pọ́n. Kí fọ́tò lè pẹ́ wà lára ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, ẹwà rẹ̀ náà sì wù wọ́n. Àwọn fọ́tò mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan kan fọ̀ rárá, tó jẹ́ pé ọjọ́ tó ti pẹ́ ló mú wọn pọ́n.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí yìí díẹ̀. Imí-ọjọ́ ò da ọ̀dà búráùn lé fọ́tò lórí. Ibi tí fàdákà ò sí, bébà lásán ni, ó ṣì funfun. Ibi tí fàdákà pọ̀ sí, ó ṣì ṣú. Ẹ̀wù àgbàdá funfun tí bàbá bàbá mi wọ̀ nínú fọ́tò wa, funfun náà ló ṣì jẹ́, kò sẹ́ni tó máa wò ó tó máa ní aṣọ búráùn ni. Bàtà rẹ̀ dúdú. Gbogbo ohun tó wà láàárín àgbàdá àti bàtà ló wá gbé oríṣiríṣi ṣíṣú àti mímọ́lẹ̀, pupa díẹ̀ sì wọnú gbogbo wọn pátá.

Ó dùn mọ́ mi pé èdè wa ti la ọ̀nà yìí sílẹ̀ fún wa. Láti ìpìlẹ̀, àwọ̀ mẹ́ta ni Yorùbá fi ń pín ohun gbogbo: funfun, pupa, dúdú. Epo pupa, ilẹ̀ pupa, màlúù pupa, obìnrin pupa, kò sí èyí tó jọ ìkejì rẹ̀ lójú, síbẹ̀ pupa là ń pe gbogbo wọn. Ilé kan náà ni búráùn ń gbé. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí n fi Yorùbá sọ ohun tí sépíà jẹ́, mo máa ní: dúdú àti funfun ni, tí a fi pupa pò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó pupa wá, ó gbàgbé dúdú àti funfun sílé. Ògiri, òrùlé, fèrèsé, ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn ṣú dọ́gba, ojú ò wá rí ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà náà ń sọ ohun kan náà, nọ́ńbà ló kàn fi ń sọ tirẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta ló fi ń kọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan: ìwọ̀n pupa, ìwọ̀n àwọ̀ ewé àti ìwọ̀n búlúù, ìkọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255. Àwọ̀ tí wọ́n sábà máa ń pè ní sépíà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ pupa 112, àwọ̀ ewé 66, búlúù 20. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò: pupa ló síwájú, àwọ̀ ewé tẹ̀ lé e, búlúù gbẹ́yìn. Ọ̀nà ìṣirò kan wà tí ọ̀pọ̀ ètò orí kọ̀ǹpútà ń gbà sọ fọ́tò di sépíà. Bí ẹ bá fún un ní àwọ̀ eérú tó wà láàárín méjì, 128, 128, 128, á dá 173, 154, 120 padà fún yín. Bí ẹ bá fún un ní funfun báláú, 255 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á dá 255, 255, 239 padà. Bí ẹ bá fún un ní dúdú, 0 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò ní fọwọ́ kàn án. Funfun ṣì ń jẹ́ funfun, búlúù díẹ̀ ló kàn yọ kúrò lára rẹ̀. Ẹ fi ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn sọ́kàn, torí òun la máa fi ṣe òṣùwọ̀n. Búlọ́ọ̀kù tí búlúù bá ti gba iwájú lára rẹ̀, ì báà kéré tó bí orí abẹ́rẹ́, kò lè bá wa gbé.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí fóònù ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí fọ́tò á di sépíà, kí ni a tún ń da ara wa láàmú sí? Bó bá jẹ́ pé fọ́tò nìkan lẹ fẹ́, ó ti tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ọmọ náà máa ń wọ inú ayé tó kọ́ wá kí i. Wọ́n máa rìn láàárín ilé náà, wọ́n máa gun àtẹ̀gùn, wọ́n máa yọjú lójú fèrèsé. Lójú wọn, àwọ̀ tí búlọ́ọ̀kù ní náà ni wọ́n máa rí. Ilé tí sépíà rẹ̀ wà lára búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a fi aṣọ dì lójú.

Ó kan búlọ́ọ̀kù wàyí. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ wọn, torí orúkọ wọn máa ń tanni jẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní white concrete, ojú lásán á ní ó funfun, àmọ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ń bẹ lára rẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ amọ̀ ẹ rí i bó ṣe máa tutù bíi dígí ilé ìwòsàn. Black concrete náà rí bẹ́ẹ̀, dúdú rẹ̀ ń lọ sí ti aró. Stone àti cobblestone jẹ́ eérú lásán, kò sí pupa kankan lára wọn. Deepslate, òkúta ìsàlẹ̀ ilẹ̀, búlúù tún ń yọjú níbẹ̀.

Ẹ wá wo òdìkejì. Terracotta ni amọ̀ tí a ti sun. Gray terracotta, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ eérú, búráùn tó ṣú ló jẹ́ lójú. Light gray terracotta dà bí ògiri tí eruku ọyẹ́ ti bò. Black terracotta dà bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀ tó ti pẹ́ lórí iná igi. White terracotta wá dà bí ẹfun tí wọ́n fi osùn ìka kan pò. Ẹni tó bá ń fi orúkọ ṣa àwọ̀ máa sọ gbogbo wọn nù, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an là ń wá. Ojú ni kí ẹ fi ṣa á.

Ohun kejì ni pé kì í ṣe gbogbo pupa ló lè bára gbé. Pupa kan wà tó ń ké bíi ata rodo, òmíràn wà tó dákẹ́ bí obì gbígbẹ. Pákó acacia ń ké. Pákó mangrove ń ké. Bíríkì pupa ń ké díẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọ ilé sépíà, òun nìkan ni ojú máa lọ bá. Pákó spruce dákẹ́, pákó dark oak dákẹ́, bíríkì amọ̀ tí géèmù ń pè ní mud bricks náà dákẹ́.

Èyí tí mo wá bá ọmọ náà tò, láti orí funfun dé orí dúdú: bone block, tí a fi egungun ṣe, ló wà lókè pátápátá, smooth sandstone, òkúta iyanrìn, tẹ̀ lé e, pákó birch, mud bricks, pákó spruce, pákó dark oak, black terracotta nísàlẹ̀. Méje péré ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń kó ogún jọ, ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé ó tọ́, pàápàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Bí búlọ́ọ̀kù bá pọ̀ jù, èèyàn ò ní mọ̀ pé méjì nínú wọn ṣú dọ́gba, á sì máa rò pé òun ti yí nǹkan padà nígbà tí ojú ò rí ìyàtọ̀ kankan.

Ọ̀nà láti mọ̀ rọrùn. Ẹ to búlọ́ọ̀kù yín sórí ilẹ̀ títẹ́, ẹ ya ojú fóònù, kí ẹ wá wọ ibi tí fóònù ti ń tún fọ́tò ṣe kí ẹ yọ gbogbo àwọ̀ kúrò, kó ku dúdú àti funfun. Àwọn tó bá di ọ̀kan náà nínú fọ́tò yẹn, ọ̀kan ló yẹ kó dúró nínú wọn. Nígbà tí a fi ti ọmọ náà ṣe bẹ́ẹ̀, mẹ́rin nínú búlọ́ọ̀kù márùn-ún tó fi kọ́lé ló di eérú kan náà. Ó dákẹ́ lọ bí ẹni tó jí, ó ní, “Áà! Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fi kọ́ ọ.” Kò sí àlàyé tí mo lè ṣe tó máa yé e tó ìyẹn.

Bí ẹ bá ń gbá a ní Survival, níbi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ wá ohun tí ẹ máa lò fúnra yín, ẹ lè nílò ọ̀dà búráùn. Ibi tó wu èmi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí: kòkó ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà búráùn nínú Minecraft! Lára igi inú igbó kìjikìji tí wọ́n ń pè ní jungle ló ti ń so, ó sì ń gba ìpele mẹ́ta kó tó gbó. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ rẹ̀ ló ń ṣíwájú nínú kòkó ní gbogbo Nàìjíríà, ní láti rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó ṣe géèmù náà mọ̀ pé ara igi gan-an ni kòkó ti ń so, kì í ṣe orí ẹ̀ka tín-ín-rín nìkan. Ohun tí géèmù ò sọ ni pé kòkó kì í pọ́n bẹ́ẹ̀ látinú pódì. Ẹni tó bá ti fọ́ kòkó rí mọ̀ pé funfun ni ohun tó bo kóró inú rẹ̀, tó ń dùn lẹ́nu. Ó dìgbà tí a bá bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, tí a tún sá a sóòrùn, kó tó di búráùn. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìdànrè lásìkò kòkó, ẹ wo ohun tí wọ́n sá: èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da síta ṣì mọ́lẹ̀, èyí tó ti pẹ́ nínú oòrùn ti ṣú. Gbogbo àkàsọ̀ sépíà wà lórí ẹní kan ṣoṣo.

Ẹ sọ kòkó yẹn kan ṣoṣo di ọ̀dà búráùn, ẹ fi ọ̀dà náà sáàárín terracotta mẹ́jọ, ẹ máa rí brown terracotta mẹ́jọ. Amọ̀ tí a sun nínú ààrò ni terracotta fúnra rẹ̀. Ti bíríkì amọ̀ ò gba ọ̀dà rárá: ẹ bu omi sínú ìgò, ẹ dà á sórí ilẹ̀, ilẹ̀ á di ẹrẹ̀, ẹ fi àlìkámà kan pò ó kó lè le, mẹ́rin nínú èyí tó le yẹn á fún yín ní bíríkì mẹ́rin. Ọdún 2022 ni wọ́n fi bíríkì yìí kún géèmù náà. Ẹrẹ̀ tútù fúnra rẹ̀ ò dára fún sépíà o, eérú tó ń lọ sí àwọ̀ àlùkò ló jẹ́. Ó dìgbà tí àlìkámà bá dé ibẹ̀ kó tó pọ́n.

Bí a ṣe máa lò ó lára ilé wá kù. Ẹ lọ dúró níwájú ilé amọ̀ àtijọ́ kan ní Àkúrẹ́, tàbí kí ẹ lọ wo ògiri ààfin àtijọ́ Déjì nítòsí Ọjà Ọba, kí ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri. Ilé amọ̀ kì í ní àwọ̀ kan láti òkè délẹ̀. Òjò máa ń ta ilẹ̀ pupa sí ẹsẹ̀ ògiri, ibẹ̀ á ṣú ju àárín lọ. Abẹ́ òrùlé náà máa ń ṣú torí òjìji. Àárín ló mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi spruce sí ìlà kan tàbí méjì nísàlẹ̀, kí mud bricks gba àárín, torí òun ló yẹ kó pọ̀ jù lára ilé, kí dark oak wà lábẹ́ òrùlé. Ẹ má fà á bí ẹni fi rúlà fà á. Ẹ jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù spruce kan gun òkè níbì kan, kí mud bricks kan sọ̀ kalẹ̀ níbòmíràn, torí òjò kì í wọn nǹkan.

Páànù tó ti dógùn-ún lórí ilé bàbá bàbá mi, bàbà ni mo ní kó fi ṣe é. Bàbà inú géèmù máa ń yí padà bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ìpele mẹ́rin ni, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé, tí ò lè wọlé wa. Ìpele kejì, exposed copper, ló dà bíi páànù tó ti rí òjò púpọ̀. Bó bá ti dé ibẹ̀, ẹ fi afárá oyin pa á lára, kò ní yí padà mọ́ láé.

Ohun tó wà láyìíká ilé ló máa ń ba sépíà jẹ́ jù, àwọn èèyàn kì í sì í rò ó. Ilé á dára, koríko tútù yọ̀yọ̀ á wá yí i ká, ojú ọ̀run á sì mọ́ búlúù lókè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ yan ilẹ̀ kí ẹ tó fi búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lélẹ̀. Ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní badlands. Koríko ibẹ̀ àti ewé igi oak tí ẹ bá gbìn síbẹ̀ máa ń rí bíi ti oṣù kìíní lọ́dọ̀ wa, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ wọ́n tí eruku ọ̀nà sì ti bò wọ́n. Òkè ibẹ̀ fúnra rẹ̀, terracotta ni. Ẹ má lo ewé birch tàbí ti spruce, torí wọn kì í sábà jọ̀wọ́ àwọ̀ tútù wọn. Bí ẹ bá nílò omi, ẹ fi dígí búráùn tẹ́ ojú rẹ̀, á dà bí odò ìgbà òjò.

Ọmọ náà fẹ́ gbé òkúta ńlá sẹ́yìn ilé, bíi òkè Ìdànrè, ó sì wá bi mí ìbéèrè tó dára: “Ṣebí eérú ni òkè Ìdànrè, Àǹtí? Kì í ṣe búráùn.” Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n bí ayafọ́tò bá ya òkè Ìdànrè tó sì fi imí-ọjọ́ fọ̀ ọ́, òkè náà á pọ́n pẹ̀lú gbogbo ohun tó kù. Sépíà kì í béèrè àwọ̀ tí nǹkan ní lójú ayé, bó ṣe mọ́lẹ̀ sí àti bó ṣe ṣú sí nìkan ló ń wò. Òkúta tó bá jẹ́ eérú tó wà láàárín, ẹ wá búráùn tó wà láàárín fún un. A fi dripstone block, òkúta búráùn kan, ṣe é, ó sì bá a mu gan-an.

Iná náà ní tirẹ̀. Ògùṣọ̀ àti lantern lásán, ìmọ́lẹ̀ wọn gbóná, ẹ lò wọ́n. Sea lantern àti gbogbo ohun tí wọ́n bá fi soul ṣáájú orúkọ rẹ̀ nínú àwọn iná, búlúù ni wọ́n ń tàn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ní ti ojú ọ̀run, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i ju ká dúró de àsìkò rẹ̀. Ojúmọ́ kan nínú Minecraft, ìṣẹ́jú 20 ni, oòrùn sì ń gba bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ wọ̀. Bí ẹ̀yìn ilé yín bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, láàárín ìṣẹ́jú kan àbọ̀ yẹn, ojú ọ̀run á bá ilé yín pọ́n pọ̀.

Fèrèsé ni a ṣe kẹ́yìn. Dígí lásán ló fi síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá sí òdìkejì. Mo ní kó padà wo fọ́tò wa. Fèrèsé ló ṣú jù níbẹ̀, ó ṣú ju bàtà bàbá lọ, torí kò sí iná nínú yàrá lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ó yọ dígí kúrò, ó fi black terracotta dí ojú fèrèsé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lókè, ó wá fi pákó birch ṣe férémù yí wọn ká. Ó sún sẹ́yìn wò ó, ó tún wo fọ́tò, ó sì pe ìyá rẹ̀ pé kó wá wo ilé wọn ní Òkè-Àró.